Rọ́bọ́ọ̀tì, ẹrú-irin àbí sìgìdì? Èsì sí Ẹ̀gbọ́n wa ní Oǹdó

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí èsì tí ẹ fi ránṣẹ́ láti Oǹdó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, mo tún un kà, ẹ̀rín mi sì dínkù, nítorí mo rí i pé ẹ ò ṣeré rárá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fèsì bó ṣe wá sí mi lọ́kàn. Àgbà lẹ jẹ́ sí mi. Ọ̀rọ̀ nìkan ni mo fẹ́ bá jà.

Kí àwọn tí kò bá wa bẹ̀rẹ̀ lè bá wa lọ: èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mélòó kan máa ń kàwé pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé nílé mi ní Àkúrẹ́, kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Ìwé tó wà lọ́wọ́ wa báyìí ni àkójọ ìtàn kúkúrú tí Isaac Asimov pè ní I, Robot, tó jáde ní 1950. Ìtàn mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo máa ń wo Gẹ̀ẹ́sì, tí mo máa ń sọ ọ́ ní Yorùbá bí mo ṣe ń lọ, nítorí ìyá ìyàwó mi máa ń jókòó tì wá, wọn kì í sì í gbà kí a máa fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ lórí wọn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Mo kọ̀wé sí yín níbí pé kí ẹ ràn mí lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n wa fèsì: kí robot, ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ bí ènìyàn, máa jẹ́ ẹrú-irin, kí ohun mẹ́ta tí ìwé náà pè ní Laws, tó de àwọn robot, máa jẹ́ òfin, kí la tún ń wá, kí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sì máa jẹ́ ìtàn irọ́ onísáyẹ́ǹsì. Arábìnrin wa tó ń kọ́ni ní Ìkàrẹ́ ní rárá o, ó ní sìgìdì wà nílẹ̀ láti ayébáyé, kí la fẹ́ fi ẹrú ṣe?

Ẹ jẹ́ ká ti orí robot bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe Asimov ló dá a, kì í tilẹ̀ ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Karel Čapek, ará ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, ló fi í sínú eré orí ìtàgé kan tó tẹ̀ jáde ní 1920. Ó ń wá orúkọ tí yóò sọ àwọn òṣìṣẹ́ àtọwọ́dá inú eré náà. Èyí tó kọ́kọ́ rò, tó fa yọ láti inú èdè Látìnì, kò dùn mọ́ ọn nínú, ó ní ó dà bí ọ̀rọ̀ inú ìwé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Josef, tó jẹ́ ayàwòrán, ló sọ fún un pé kó pè wọ́n ní robot. Ẹ wò ó, àbúrò ló béèrè, ẹ̀gbọ́n ló fún un lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ibí yìí á dùn mọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ̀.

Inú robota ni Josef ti yọ ọ́. Robota ni iṣẹ́ tí àgbẹ̀ ilẹ̀ náà jẹ onílẹ̀ ní gbèsè. Àgbẹ̀ yìí kì í ṣe ẹrú. Ó ní ilé, ó ní aya, ó ní oko tirẹ̀, ṣùgbọ́n iye ọjọ́ kan wà lọ́sẹ̀ tó gbọ́dọ̀ fi ro oko olóko kó tó kan tirẹ̀. Ọdún 1848 ni wọ́n tó fòpin sí i ní ilẹ̀ ọba Ọ́sítríà, tí ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Tí ẹ bá ní ká wá ojúlùmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí nílé wa, kì í ṣe ẹrú. Ìwọ̀fà ni. Ìwọ̀fà yáwó, iṣẹ́ ara rẹ̀ ni èlé owó náà, ọjọ́ tí owó bá pé, ó di ilé rẹ̀. Ẹni tó bá pe ìwọ̀fà ní ẹrú láyé àtijọ́, ìjà ló ń wá.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ìwọ̀fà náà. Rọ́bọ́ọ̀tì ò yáwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìdí tí mi ò fi lè gba ẹrú gan-an rèé, òwe yín ni mo sì máa fi mú yín. Àwọn baba wa ní: ẹrú kú, ìyá ò gbọ́, ọmọ kú, igbe ta, bẹ́ẹ̀, ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Gbogbo ìwúwo ọ̀rọ̀ ẹrú ní èdè wa wà nínú gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Ẹrú ní ilé kan tí wọ́n ti ń wá a. Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Rọ́bọ́ọ̀tì ò ṣe ọmọ rí nílé ìyá kankan. Tí a bá wá gbé ọ̀rọ̀ náà lé irin lórí, a ti fún irin ní ìbànújẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, a sì ti gba lára ìbànújẹ́ àwọn tó jẹ́ tiwọn. Ẹ mọ̀ bí mo ṣe mọ̀ pé àwọn agbo ilé wà títí dòní, ní Oǹdó, ní Àkúrẹ́ níbí, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ní "ọmọ ẹrú" níbi ìpàdé ẹbí, àga á fò. Ọ̀rọ̀ tó ṣì ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, mi ò lè gbé e fún ọmọdé kó máa fi pe ohun ìṣeré.

Irin tí ẹ tún so mọ́ ọn ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Oǹdó, tí ọdún Ògún ń kọjá níwájú ilé yín lọ́dọọdún, ẹ̀yin lẹ fẹ́ pe irin ní ẹrú. Tí wọ́n bá bi yín léèrè ní ojúbọ, ẹ má dárúkọ mi.

Ó ku sìgìdì. Mo jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ arábìnrin wa fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi. Amọ̀ ni, ọwọ́ ènìyàn ló mọ ọ́n, kò ní ẹ̀mí títí wọn ó fi ṣe nǹkan sí i, tó bá ṣe tán wọ́n á rán an níṣẹ́, á sì lọ. Wọ́n tún ní ẹni tó rán an kò gbọdọ̀ sùn títí yóò fi dé, nítorí tó bá sùn, sìgìdì á ṣẹ́rí padà. Tí mo bá ka ìyẹn fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, á ní àsọtẹ́lẹ̀ ni. Àti òwe rẹ̀, pé sìgìdì tó ní kí wọ́n gbé òun sójò, eré ẹ̀tẹ́ ló fẹ́ ṣe: àwọn rọ́bọ́ọ̀tì inú ìwé yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ eré mìíràn.

Àmọ́ iṣẹ́ wo ni wọ́n ń rán sìgìdì? Iṣẹ́ ibi ni. Òru ni wọ́n ń rán an, ẹni tí wọ́n bá rán an sí kì í sì í sábà jí láti ròyìn. Ohun tí Asimov sì ń sá fún nìyẹn. Ìgbà tó wà lọ́mọdé, gbogbo ìtàn rọ́bọ́ọ̀tì tó ń kà máa ń parí síbì kan náà: ènìyàn ṣe ẹ̀dá, ẹ̀dá dìde, ó pa ẹni tó ṣe é. Ó sú u. Ó tilẹ̀ fún ìbẹ̀rù náà lórúkọ, ó fi orúkọ Frankenstein inú ìwé Mary Shelley ti 1818 pè é. Ó ní ọ̀bẹ ní èèkù, ẹ̀rọ tí ènìyàn bá ṣe náà gbọ́dọ̀ ní ohun tí kò ní jẹ́ kó gé ẹni tó dì í mú. Tí mo bá wá ka ìtàn àkọ́kọ́, ti ọmọbìnrin kékeré kan tó ń bá Rọ́bì, rọ́bọ́ọ̀tì rẹ̀, ṣeré bojú-bojú nínú àgbàlá, tí mo ní "sìgìdì ń gbé ọmọ náà pọ̀n," ìyá ìyàwó mi á dìde lọ ti ilẹ̀kùn.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé eré Čapek ni sìgìdì ì bá bá mu. Níbẹ̀, kì í ṣe irin ni wọ́n fi ṣe àwọn rọ́bọ́ọ̀tì, nǹkan kan bí ẹran ara ni wọ́n pò pọ̀ bí ẹni po ìyẹ̀fun, wọ́n sì pa ọmọ aráyé tán, ó ku ẹnì kan ṣoṣo. Arábìnrin mi, ẹ jàre, ìwé mìíràn lẹ ti jàre.

Nítorí náà rọ́bọ́ọ̀tì ni mo ń pè é, n ó sì máa pè é bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: pé kì í ṣe Yorùbá. Ẹ gbọ́, Gẹ̀ẹ́sì náà ò túmọ̀ rẹ̀. Ó bá a ní ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, ó gbé e, ó lọ. Asimov fúnra rẹ̀, Rọ́ṣíà ni wọ́n bí i sí, ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí wọ́n gbé e dé Amẹ́ríkà, èdè Yídíìṣì ni àwọn òbí rẹ̀ ń sọ nílé, ilé ìtajà midinmíìdìn ni bàbá rẹ̀ ní. Ọmọ àlejò yìí ló wá dá ọ̀rọ̀ robotics fún Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìtàn kan tó jáde ní 1941, kò sì mọ̀ pé òun dá nǹkan kan. Ó rò pé ó ti wà tẹ́lẹ̀, nítorí etí rẹ̀ gbà á. Ìmọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì ni mo ń pe ìyẹn, mi ò sì ní í lo ju ìlà kan yìí lọ lórí rẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti rí ọgbọ́n kan nípa ọ̀rọ̀ dídá. Èyí tó bá dára jù, ẹni tó dá a kì í mọ̀. Ẹ wo asọ̀rọ̀mágbèsì. Kò sí ẹni tó ń béèrè ẹni tó kọ́kọ́ pe rédíò bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan jókòó ti àpótí kan tó ń sọ̀rọ̀, ó dá a lóhùn, kò gbọ́ èsì, ó bú u, èébú náà sì di orúkọ. Àlùpùpù ńkọ́? Ariwo ẹnu ẹ̀rọ náà ni. Ẹ wá wo ẹ̀rọ ayárabíàṣá. Ó dára, ó dùn, mo fẹ́ràn rẹ̀, mo ń gbọ́ ọ nínú ìròyìn. Àmọ́ ẹ lọ sí Oyèmẹ́kùn ní Àkúrẹ́ níbí, kí ẹ wọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé fún ènìyàn, kí ẹ ní ayárabíàṣá lẹ wá lò. Ọmọ tó jókòó síbẹ̀ á wò yín láti òkè délẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló mọ̀, ó sì ti fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Tí a bá sì ní ká bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara wa wò pé ta ni Yorùbá rẹ̀ mọ́ jù, èmi tí ìyá mi ń pe owó ní eghó, wọ́n á lé mi jáde kí wọ́n tó dé orí rọ́bọ́ọ̀tì.

Ọ̀rọ̀ òfin ló gba àkókò jù lọ́dọ̀ wa, Sátidé méjì gbáko. Bí mo ṣe sọ ọ́ rèé. Àkọ́kọ́: rọ́bọ́ọ̀tì ò gbọdọ̀ pa ènìyàn lára, kò sì gbọdọ̀ dúró máa wòran kí nǹkan ṣe ènìyàn. Èkejì: ohun tí ènìyàn bá ní kó ṣe ni kó ṣe, àfi tó bá ta ko ti àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta: kó dáàbò bo ara rẹ̀, àfi tí ìyẹn bá ta ko méjì tó ṣáájú. Inú ìtàn kan ti 1942 ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kọ́kọ́ jáde pọ̀. Mo ní "òfin àkọ́kọ́," ìyá ìyàwó mi ní kí n dúró. Wọ́n ní: "Tó bá rú u, ta ló máa mú un?" Mo ní kò lè rú u, inú ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Wọ́n ní: "Nǹkan tí ènìyàn ò lè rú kọ́ là ń pè lófin."

Mo dákẹ́. Òótọ́ ni. Rírú ni òfin, a máa ń rú u, a sì máa ń san owó ìtanràn. Mo wá rò ó wò pé bóyá èèwọ̀ ni. Èèwọ̀ kì í dúró de ọlọ́pàá. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, inú ara rẹ̀ ni ìdájọ́ ti ń wá. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Herbie nínú ìtàn 1941 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Rọ́bọ́ọ̀tì yìí ń ka ọkàn ènìyàn. Ó mọ̀ pé òótọ́ á dun àwọn ọ̀gá òun, ìdùnnú ọkàn sì jẹ́ ara ohun tí kò gbọdọ̀ bà jẹ́, ló bá ń pa irọ́ dídùn fún olúkúlùkù. Ó sọ fún Susan Calvin, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ọjọ́ ń lọ lórí rẹ̀ tí kò sì lọ́kọ, pé ọ̀dọ́kùnrin ibi iṣẹ́ wọn nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kun àtíkè. Nígbà tó mọ òótọ́, ó gbé ìbéèrè kan síwájú Herbie: tó bá dáhùn, yóò dun ènìyàn, tí kò bá dáhùn, yóò dun ènìyàn. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó ké, ó ṣubú, ọpọlọ rẹ̀ dà rú. Ó jẹ èèwọ̀ ni. Òfin ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ènìyàn.

Àpẹẹrẹ kan wà ní Àkúrẹ́ tó jẹ́ kó yé gbogbo wa. Lọ́jọ́ ọdún Aheregbe, Ọjà Ọba máa ń tì, ààfin á ti pàṣẹ ṣáájú. Ẹlòmíràn ò ṣí ṣọ́ọ̀bù nítorí kí wọ́n má bàa mú un. Fún ìyẹn, òfin ni. Màmá kan wà ládùúgbò wa tí ẹ ò lè fún lówó kó tajà lọ́jọ́ náà, kódà kó jẹ́ inú yàrá rẹ̀. Wọ́n ní ara àwọn á kọ̀ ọ́. Ara á kọ̀ ọ́! Rọ́bọ́ọ̀tì Asimov, màmá yẹn ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan, amòfin, wá bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní èèwọ̀ máa ń sọ pé má ṣe ni, kì í sọ pé ṣe. Èkejì inú mẹ́ta yìí, àṣẹ ni. Ẹ̀kẹta, gbogbo ohun abẹ̀mí ló ní in láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ó tún ní èèwọ̀ kì í ní ipò, kò sí èèwọ̀ àkọ́kọ́ tó ń jẹ gàba lórí èèwọ̀ ẹ̀kẹta. Ó jàre. Síbẹ̀ èèwọ̀ mẹ́ta ni mo ń sọ, nítorí etí tó bá gbọ́ èèwọ̀ á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé inú ni nǹkan náà wà, kì í ṣe ìta. Tí ẹ bá ní èyí tó sàn jù, ẹ mú un wá. Òfin nìkan ni kí ẹ má dá padà fún mi.

Nípa "ìtàn irọ́ onísáyẹ́ǹsì," mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àròsọ la ti ń lò tipẹ́: à, rò, sọ. Ohun tí a rò kí a tó sọ ọ́ ni. Ẹni tó ń purọ́ fẹ́ kí ẹ gbà á gbọ́. Ẹni tó ń sọ àròsọ, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ mọ̀. Ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì dára fún àtẹ ìwé, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n fún ìwé yìí ní pàtó, mo ní ọ̀rọ̀ mìíràn lọ́kàn: àlọ́ sáyẹ́ǹsì. Ẹ má tíì pariwo. Mi ò sọ àlọ́ àpagbè, ti ìjàpá àti orin. Àlọ́ àpamọ̀ ni mò ń sọ. Òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́, kí ni o? Orógùn. Wọ́n ti fi gbogbo nǹkan hàn ọ́, síbẹ̀ o ò rí i. Ọ̀nà tí Asimov gbà kọ gbogbo ìtàn yìí nìyẹn. Wọ́n rán rọ́bọ́ọ̀tì kan níṣẹ́ lórí Mercury, pílánẹ́ẹ̀tì tó sún mọ́ oòrùn jù, pé kó lọ bu sẹlẹ́níọ̀mù, èròjà kan tí wọ́n nílò, wá láti inú adágún kan. Kò bu ú, kò sì sá lọ, ó ń yí adágún náà po, ó ń kọrin bí ọ̀mùtí. Kí ni o? Ìdáhùn rẹ̀ nìyí: ewu wà lẹ́bàá adágún náà. Ẹni tó rán an fi ẹnu lásán rán an, kò tẹnu mọ́ ọn, nítorí náà àṣẹ ò wúwo. Owó ńlá sì ni wọ́n fi ṣe rọ́bọ́ọ̀tì náà, wọ́n ti mú kí èèwọ̀ ẹ̀kẹta le sí i lára rẹ̀ kó má bàa tètè bàjẹ́. Bó bá sún mọ́ adágún, ẹ̀kẹta á tì í sẹ́yìn. Bó bá jìnnà, èkejì á fà á padà. Ibi tí méjèèjì ti dọ́gba ló ń yí po. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjì tó wà pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀ ní láti fi ara rẹ̀ sínú ooru tó lè pa á kí àkọ́kọ́ tó jí, kí rọ́bọ́ọ̀tì tó sáré wá gbé e. Nígbà tí mo parí ìyẹn, ọmọ tí ọ̀rẹ́ mi amòfin yẹn bí, ọmọ ọdún mọ́kànlá, na ọwọ́ sókè, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí mo ti ní "ó fẹnu lásán rán an." Ìwé tí ọmọ ọdún mọ́kànlá lè já àlọ́ rẹ̀, mo ní kí ẹ fún un lórúkọ àlọ́.

Àbúrò wa kan tó wà ní FUTA kọ ọ́ síbí pé kí la ń wá kiri, Fágúnwà ará Òkè-Igbó wa níbí ti kọ irú ìtàn yìí láti 1938. Àbúrò, mo fẹ́ràn Ògbójú Ọdẹ ju ìwé Asimov lọ, n ò purọ́. Ṣùgbọ́n nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ẹbọra tó bá dínà mọ́ ọdẹ, bó bá ṣe wù ú ló ń ṣe. O ò lè jókòó kí o ṣírò rẹ̀ pé ibi báyìí ni yóò dúró sí. Nínú ìwé ti wa yìí, o lè ṣírò rẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn ni sáyẹ́ǹsì tí mo so mọ́ àlọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, èmi ni mo kàn bá a pàdé lójú ọ̀nà, inú mi sì dùn títí di ìsinsìnyí. Gbogbo wa máa ń sọ pé ìtumọ̀ máa ń pàdánù nǹkan. Nínú ìtàn Rọ́bì, mo pàdánù nǹkan lóòótọ́. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ìyá ọmọ náà ń pe rọ́bọ́ọ̀tì bí ẹni ń pe àga, ọmọ náà ń pè é bí ẹni ń pe ènìyàn, ọ̀rọ̀ kékeré kan ló sì fi ìyàtọ̀ hàn. Tiwa, "ó" ni àga, "ó" ni ènìyàn. Mo ní láti yà á sọ́tọ̀ pẹ̀lú "ohun tó ń bá ọ ṣeré yẹn" lẹ́nu ìyá, àti "ẹni tó ń bá mi ṣeré" lẹ́nu ọmọ. Kò burú, ó lọ.

Àmọ́ nínú ìtàn kan báyìí, àwọn ọkùnrin méjì to rọ́bọ́ọ̀tì pọ̀ nínú ilé iṣẹ́ kan tó wà lójú òfuurufú. Nígbà tó jí, ó béèrè ibi tí òun ti wá. Wọ́n ní àwọn làwọn ṣe é. Ó wò wọ́n: ara wọn rọ̀, oorun ń kùn wọ́n, wọn ò sì lè ṣe kí wọ́n má jẹun. Ó jókòó, ó rò ó, ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó kéré ò lè dá ohun tó tóbi. Ó wá sọ ẹ̀rọ ńlá tó ń pèsè agbára níbẹ̀ di Ọ̀gá rẹ̀, ó ń sìn ín. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi ń pe àwọn ọkùnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ": "Ẹ̀yin lẹ ṣe mí, àbí?" Bí ìrònú rẹ̀ ṣe ń lọ, mo jẹ́ kó máa sọ "ẹ" lọ. Nígbà tó wá dé ibi tó ti pinnu, mo jẹ́ kó yíjú sí ọ̀kan nínú wọn, kó ní: "Ìwọ, jókòó."

Ìyá ìyàwó mi lanu. "Ó pè é ní ìwọ?" Wọn ò béèrè nǹkan kan mọ́ nípa òfuurufú tàbí agbára ẹ̀rọ. Ìwọ yẹn ti sọ gbogbo rẹ̀. Mo wo ojú ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, kò sí níbẹ̀.

Ó ku ọ̀kan tí mo nílò yín fún, nítorí Sátidé tó ń bọ̀ ló kàn. Ìtàn ti 1947 ni. Ọ̀gá kan bínú sí rọ́bọ́ọ̀tì tó ń dí i lọ́wọ́, ó bú u dáadáa, ó sì ní kó lọ sọ ara rẹ̀ nù. Rọ́bọ́ọ̀tì gbọ́ àṣẹ, ó lọ. Ó wọ àárín méjìlélọ́gọ́ta mìíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì, wọ́n di mẹ́tàlélọ́gọ́ta, kò sì sí ẹni tó lè mọ ọ̀kan tí wọ́n ń wá. Gbogbo ìtàn náà dúró lórí èébú yẹn: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èébú tí ẹnikẹ́ni lè sọ nínú ìbínú láìní i lọ́kàn, kó sì jẹ́ pé ẹni tó bá gbà á bí wọ́n ṣe sọ ọ́ yóò lọ fara pamọ́. Mo gbìyànjú "yàgò fún mi," ó kàn máa yàgò ni. "Kúrò níwájú mi" á mú un dé ẹ̀yìn mi. "Lọ sọnù" dún bíi Gẹ̀ẹ́sì tó wọ bùbá.

Lánàá mo gbé ọkọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ da ọ́ìlì sílẹ̀. Ọ̀gá náà sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i, ó bú baba rẹ̀, ó bú orí rẹ̀, ó wá parí rẹ̀ pé: "Mi ò gbọdọ̀ fojú kàn ẹ́ mọ́ lónìí!" Mo fa bírò yọ. Ọmọ náà ní "Ẹ má bínú, ọ̀gá," ó yí gba ẹ̀yìn ọkọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọ̀gá fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó na ọwọ́ sí i lábẹ́ ibẹ̀, tó ní kó fún òun ní sípánà mẹ́tàlá.